Ìlà Tó Gba Àárín Òpópónà Wa

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Má bá mi tún un ṣe. Ìwọ lo ní kí n sọ ìdí tí n kì í fi í lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́, tó jẹ́ pé tí ọjọ́ ìpàdé bá pé, tí gbogbo ilé ń wọṣọ, èmi a tẹ́ ẹní mi, màá dùbúlẹ̀. Ìyá àgbà rẹ ti sọ fún ọ pé orúnkún ló ń dùn mí. Kì í ṣe orúnkún.

Èmi ò lọ ilé-ìwé. Háàjì ni mo bá wá sí ilẹ̀ yìí, mo dúró, mo ń rán jàlàbíà ní Ghulail níbí, ní Jẹ́dà, títí ojú mi ò fi rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa Jẹ́dà, ẹsẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Ẹgbẹ́ tí mò ń sọ yìí, ti àwa Yorùbá tó wà ní Jẹ́dà àti Mẹ́kà ni. Kò ní ọ́fíìsì, kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n tí ẹnìkan bá kú, òun ló ń sin ín. Tí kàfíìlì, ìyẹn ọ̀gá tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ mú ọ wọ̀lú, bá ń fi ìwé ìgbélùú dun obìnrin kan, ẹgbẹ́ ló ń wá ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá dáadáa tó máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ tó gbọ́ tìẹ, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó níbẹ̀ tó mọ ilé rẹ. Ìdí nìyẹn tá a fi pín ara wa sí wọ́ọ̀dù. Ghulail ní tiẹ̀. Sharafiyah, níbi tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù wà, ní tiẹ̀. Mẹ́kà náà ní tiẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń kọ́ni ní yunifásítì ní Abidiyah ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn kéékèèké míì tún wà. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan á yan ẹnìkan tó máa jókòó sí ìgbìmọ̀, àwọn tó bá jókòó yẹn ló máa yan alága.

A ò ní máàpù. Tí ẹnìkan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí a fẹ́ mọ wọ́ọ̀dù ẹ̀, ohun tá a máa bi í ni pé, níbo lo ti ń kírun àsùbáà? Mọ́sálásí tó bá ti ń kí àsùbáà, ibẹ̀ ni wọ́ọ̀dù ẹ̀. Torí àwọn ìrun yòókù, èèyàn lè wà níbi iṣẹ́, ó lè wà lọ́jà. Àsùbáà, ìtòsí ibi tó o sùn lo ti máa kí i. O ò lè purọ́ ẹ̀, torí àwọn tẹ́ ẹ jọ ń tò kírun á mọ̀. Àwọn obìnrin tí kì í jáde, mọ́sálásí tí wọ́n ń gbọ́ ìpè ẹ̀ látorí ibùsùn ni tiwọn. Kò sí ẹni tó jà lórí ẹ̀ rí.

Ìbò náà, kò sí pépà. Ẹni tó bá ń du ipò á dúró síwájú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ẹ á tò sẹ́yìn ẹ̀. Ojú ń rí ojú. Ní Ghulail, èmi ni wọ́n máa ń tò sẹ́yìn. N kì í sọ̀rọ̀ nípàdé, o mọ̀ mí. Mo kàn máa ń jókòó ni. Tí wọ́n bá dárúkọ ilé kan, màá ní, mo mọ̀ ọ́n, màá lọ. Màá sì lọ. Ìyẹn nìkan ni iṣẹ́ tí mo ṣe.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà tó dé láti ilé, ó ń kọ́ òfin ẹ̀sìn ní Abidiyah. Tí wọ́n bá gba ìsinmi, tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sọ́dọ̀ ìyá wọn, ilé wa lòun máa ń wá. Ìyá àgbà rẹ ló ń fọ aṣọ ẹ̀. Orí ẹní tí mò ń dùbúlẹ̀ sí yìí ló máa ń sùn. Jàlàbíà tó wọ̀ lọ́jọ́ tó gboyè, èmi ni mo rán an. Nígbà tí wọ́n wá gbà á síṣẹ́ níbẹ̀, tí òun náà di ẹni tó ń kọ́ ẹlòmíì, mo yọ̀ bíi pé èmi ni mo bí i. Bàbá ló ń pè mí. Bàbá, láì fi nǹkan kan kún un.

Nígbà tó yá, ìjọba wó àwọn ilé kan ní Ghulail láti tún ìlú ṣe. Àwọn èèyàn wa kan kó lọ, mọ́sálásí kan náà sì lọ. Ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù ti dàrú, pé ká tún un pín. Ìyẹn ò burú, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ta ló máa ṣe é. Wọ́n ní Tíṣà mọ̀wé, ó sì mọ fóònù lò. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́ pé kó ṣe é. Kọ ìyẹn náà.

Kí Iléyá ọdún yẹn tó dé, ó pè mí.

"Bàbá, ẹran tẹ́ ẹ máa ń pín káàkiri yẹn, ṣé mo lè tẹ̀ lé yín? Mo fẹ́ mọ ilé àwọn èèyàn wa ni, kí n lè pín wọ́ọ̀dù náà dáadáa."

Mo ní, "Ìwọ alákọ̀wé lo fẹ́ wá ru láílọ́ọ̀nù ẹran?"

"Ẹ jẹ́ n wá ṣe ọmọ yín lọ́jọ́ kan, Bàbá."

O mọ bá a ṣe ń ṣe é. A kì í pẹran nílé níbí. Tí a bá ti kírun Yídì tán, bàbá rẹ á gbé àgbò lọ sílé ìpẹran, á tò síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará Yẹ́mẹ̀nì àti Sùdáànù, á gbé e dé ní gígé nínú láílọ́ọ̀nù. Ìyá àgbà rẹ á pín in. Èmi á wá gbé e ká òpópónà wa láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo ilé Yorùbá tó wà lọ́tùn-ún àti lósì. N kì í rán èèyàn. Èmi fúnra mi ni mò ń lọ, torí lọ́jọ́ yẹn, tí mo bá kanlẹ̀kùn èèyàn, màá rí ojú ẹ̀. Màá mọ ẹni tí ara ẹ̀ yá àti ẹni tó kàn ń rẹ́rìn-ín.

Tíṣà gbé láílọ́ọ̀nù lọ́wọ́ kan, ó di fóònù mú lọ́wọ́ kejì. Oòrùn ń mú. Àárín òpópónà la gbà ká lè máa yà sọ́tùn-ún, ká tún yà sósì. A dé ibì kan, páìpù ti bẹ́, omi ìdọ̀tí kún àárín ọ̀nà. Mo yí i po, mo gba ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti bàjẹ́ síbẹ̀, mo tún padà sáàárín. Tíṣà fẹ́ fo omi náà.

Mo ní, "Pẹ̀lú jàlàbíà tí mo fọwọ́ ara mi rán? Yí i po jàre."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gba ibi tí mo gbà.

Nígbà tá a padà bọ̀, ilé tó kọjú sí tiwa ló gbẹ̀yìn, lápá ọ̀tún. O mọ Àlàájà tó ń gbé ibẹ̀, opó tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó nílé ìwòsàn, tí àwọn ọmọ ẹ̀ kì í dá wa lóhùn àfi ní Lárúbáwá. Ó ṣílẹ̀kùn, ó rí Tíṣà pẹ̀lú ẹran, ó pariwo.

"Háà! Àlàájì, ẹ ti rí ọmọ ọ̀dọ̀ tó kàwé! Ẹ bá mi bi í, ṣé ó mọ abọ́ fọ̀?"

Tíṣà ní, "Mo mọ̀ ọ́n fọ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa kọ́kọ́ fún mi lóúnjẹ o."

"Irú yín náà nìyẹn, ẹnu lẹ máa ń kọ́kọ́ rántí. Wọlé, ìrẹsì wà."

Ó wọlé lóòótọ́. Ó jẹun nílé obìnrin yẹn. Lẹ́yìn tó jẹ tán, a jókòó síwájú ilé wa, ó wá ń bi mí léèrè.

"Bàbá, gbogbo ilé tá a yà yìí, tọ̀tún tòsì, ẹ̀yìn yín ni wọ́n ń tò sí?"

"Ẹ̀yìn mi ni."

"Tẹ́ ẹ bá wá dé ìgbìmọ̀, ta lẹ máa gbè lẹ́yìn fún ipò alága?"

"Dókítà tó wà lórí ipò náà báyìí ni. Tí mo bá pè é, ó máa ń gbé fóònù."

"Èmi wá ńkọ́, Bàbá?"

"Ìwọ? Irùngbọ̀n ẹ ò tíì kún. Ṣe sùúrù."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n náà.

Ó ní, "Tí Ghulail ò bá wá wà lójú kan mọ́ ńkọ́?"

"Ta ló máa pín in? Ìwọ?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Bàbá."

Ohun tó sọ nìyẹn. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo sì ṣe àmín.

Ìpàdé tí wọ́n ti fi wọ́ọ̀dù tuntun hàn wá, Sharafiyah la ti ṣe é, lókè ilé oúnjẹ kan. Tíṣà gbé àwòrán sórí tẹlifíṣọ̀n ara ògiri. Oríṣiríṣi àwọ̀ ló wà níbẹ̀. Ó ní pupa ni Sharafiyah, àwọ̀ ewé ni Mẹ́kà, ó ń ka àwọn yòókù lọ. Mo ń retí kó dé ọ̀dọ̀ Ghulail. Ó parí, kò dé ọ̀dọ̀ Ghulail.

Mo wá wò ó dáadáa. Àwọ̀ ewé yẹn bẹ̀rẹ̀ láti Abidiyah, ó ṣe tínínrín, ó bá títì Mẹ́kà bọ̀ bí ìrù aláǹgbá títí ó fi wọ Jẹ́dà, ó wá fẹ̀ díẹ̀ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó gbé gbogbo apá ọ̀tún òpópónà wa. Apá òsì, níbi tí ilé wa wà, pupa ni, ó ti di ara Sharafiyah. Ọ̀nà Mẹ́kà, èèyàn á wọ mọ́tò, á sùn, á jí, kò tíì débẹ̀. Ilé Àlàájà, tí mo bá pè é láti ojú fèrèsé mi á dá mi lóhùn, òun ló di ará Mẹ́kà.

Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní, "Tíṣà, báwo ni Ghulail ṣe di Mẹ́kà?"

Ó ní, "Kí iye èèyàn lè dọ́gba ni. Àwọn tó kó lọ ti dín wọn kù."

Ẹnìkan míì ní, "Kí ẹ kúkú fi Mọ̀dínà kún un fún wọn." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ìlà tó wà láàárín pupa àti àwọ̀ ewé ni mò ń wò. Ó ń bọ̀ tààrà láàárín òpópónà wa. Ó dé ibì kan, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣe kọ́lọkọ̀lọ, ó tún padà sáàárín, bí ẹni tí kò fẹ́ tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Mo wò ó, mo tún un wò. Omi ìdọ̀tí yẹn ni. Wọ́n ti tún páìpù náà ṣe tipẹ́, omi ti gbẹ, wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ akẹ́rù kúrò níbẹ̀. Ìlà náà ṣì ń yí i po. Ìwọ lo padà ṣàlàyé fún mi pé fóònù lè máa kọ ibi tí èèyàn ń gbà sílẹ̀ bó ṣe ń rìn. Lọ́jọ́ yẹn n ò mọ ìyẹn. Mo kàn mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ni mò ń wò lára ògiri.

Èyí tó wá dùn mí jù ò tíì ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn. Àwọn ará Ghulail bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Tíṣà bá gbé ohùn sókè, ó ní:

"Ẹ̀yin èèyàn mi, n ò dá a ṣe o. Bàbá wa fúnra wọn ló mú mi ká ilé dé ilé. Àwọn ló wà níwájú, èmi ń tẹ̀ lé wọn. Àwọn náà rè é, ẹ bi wọ́n."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi.

Ẹnu mi wúwo. O mọ̀ pé bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn. Tí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ nínú mi, díẹ̀ ló ń jáde. Mo ní, "A jọ rìn ín."

Òótọ́ kúkú ni. Mo fẹ́ sọ èyí tó kù, pé ẹran ni mò ń pín, pé n ò bá a fa ìlà kankan. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti ní, "Ó tán! Bàbá ti fọwọ́ sí i," wọ́n sì ti ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míì. Mo wo Tíṣà. Fóònù ẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀, àwọn ará òpópónà wa ò dúró dè mí. A jọ wá ni, ọkọ̀ kan náà la wọ̀. Àlàájà ọ̀ọ́kán nìkan ló dúró.

Ó ní, "Àlàájì, ṣé ẹ mọ̀ sí i?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ní ẹ jọ rìn ín."

"Ẹran ni mò ń pín."

Ó ní, "Èmi gbà yín gbọ́. Ìrẹsì mi ló ń dùn mí." Ó wá fi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Láti òní lọ, tí mo bá fẹ́ kí yín káàárọ̀, màá máa ki ọwọ́ bọ omi Sámúsámù kí n tó ṣe é. Ará Mẹ́kà ni mí."

Lọ́jọ́ ìbò, èmi àti ìyá àgbà rẹ lọ dúró láàárín àwọn ará Sharafiyah. Wọn ò ṣe wá ní nǹkan kan, wọ́n kí wa dáadáa, wọ́n gbé àga fún wa. Oníṣọ́ọ̀bù kan dúró síwájú, gbogbo wọn tò sẹ́yìn ẹ̀, àwa náà tò. Kí la tún fẹ́ ṣe? Apá ọ̀tún òpópónà wa lọ sí Mẹ́kà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí Tíṣà ń kọ́ ti tò gún régé sẹ́yìn ẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ìgbìmọ̀ jókòó, kò sí ẹnikẹ́ni láti Ghulail níbẹ̀, wọ́n sì fi Tíṣà jẹ alága.

Ó wá kí wa. Ó gbé dàbínù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá. Ìyá àgbà rẹ gbé omi fún un nínú kọ́ọ̀bù.

Ó ní, "Omi rè é. Má dà á sílẹ̀ o, wàá tún fi fa ìlà."

Tíṣà ní, "Màmá, ẹ̀yin náà."

"Èmi náà kí ni? Mo fọ aṣọ ẹ títí, n ò mọ̀ pé o ní irú àpò yìí lára ẹ̀."

Ó yíjú sí mi. "Bàbá, kì í ṣe èmi. Ẹ̀rọ ló ń ṣírò iye èèyàn, òun ló pín in."

Mo ní, "Ẹsẹ̀ ta ni ẹ̀rọ fi rìn?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan tó máa ṣe fún Ghulail. Pé òun ò lè gbàgbé wa. Pé kò sí ohun tá a fẹ́ tí òun ò ní gbọ́, ká ṣáà ti pe òun.

Mo ní, "O lè sọ fún mi tẹ́lẹ̀. O jókòó síbí yìí. O lè sọ pé, Bàbá, mo fẹ́ ipò yìí. Bóyá ǹ bá tò sẹ́yìn ẹ."

Ó ní, "Ẹ ní irùngbọ̀n mi ò tíì kún."

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo rò pé a jọ fi rẹ́rìn-ín, òun ò fi rẹ́rìn-ín. Ó jókòó díẹ̀ sí i, ó dìde, ó lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìkámà Àlàájà ọ̀ọ́kán, ìwé ìgbélùú ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Kàfíìlì ẹ̀ ò dá a lóhùn. Láyé àtijọ́, á sọdá òpópónà, á sọ fún mi, ó parí. Ó pe àwọn ará ẹgbẹ́, wọ́n ní kó pe wọ́ọ̀dù ẹ̀. Ó pe Tíṣà. Tíṣà ní òun máa rán ọmọ kan sí i. Ọmọ náà dé Ghulail lóòótọ́, ó ń rìn sókè sódò, kò mọ ilé, ó padà. Èmi gbé ọ̀pá tí mo fi ń tilẹ̀, mo lọ bá Dókítà nílé. Kì í ṣe alága mọ́, ṣùgbọ́n ó bá a wá ẹni tó bá a lọ. Wọ́n wá ránṣẹ́ sí mi láti ẹgbẹ́ pé Bàbá, ẹ máa jẹ́ kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan gbọ́ tara ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo tẹ́ ẹní mi sílẹ̀.

Iléyá dé. Ìyá àgbà rẹ ní, "Ṣé ẹ ṣì máa pín in? Àbí apá òsì nìkan?" Ó fi dápàárá ni, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Mo gbé e jáde. Mo yà sọ́tùn-ún, mo yà sósì bíi ti tẹ́lẹ̀. N ò ní purọ́ fún ọ, àwọn ilẹ̀kùn kan wà tí wọn ò ṣí fún mi. Mo gbọ́ ohùn èèyàn nínú ilé. Mo gbé ẹran náà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà wọn. Lọ́ọ̀dẹ̀ kan, ọkùnrin tí mo rán aṣọ ìgbéyàwó ẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ẹ ṣé, Àlàájì. Ta ló ń tẹ̀ lé yín lọ́dún yìí?" Mo ní kò sẹ́nìkan. Ó wo ẹ̀yìn mi kó tó tilẹ̀kùn. Nígbà tí mo dé ibi tí páìpù ti bẹ́ nígbà kan, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Mo gba orí ẹ̀ kọjá.

Ìyá àgbà rẹ ti ya apá iwájú àgbò sọ́tọ̀ sínú fìríìsà. Látìgbà tí Tíṣà ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni apá yẹn ti jẹ́ tiẹ̀. Ìyá àgbà rẹ ní kí la fẹ́ fi í ṣe. Mo ní tiẹ̀ ni, kó lọ bá a. Nígbà tí Háàjì parí tí wọ́n ṣí ọ̀nà Mẹ́kà fún gbogbo èèyàn, tó o fẹ́ wakọ̀ lọ ṣe Úmúrà, mo gbé e fún ọ. O bi mí pé ṣé n ò ní bá ọ lọ. O rántí. Mo ní orúnkún ń dùn mí.

O ní Tíṣà fúnra ẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. O ní ó gba ẹran náà, ó dì í mú, kò wọlé, ó ń wo inú ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ. Ó ní, "Bàbá ò bá ọ wá?" Ìwọ ní, "Wọ́n wà nílé."

O dáhùn dáadáa. Ilé ni mo wà. Ó mọ̀nà ibẹ̀, fóònù ẹ̀ náà sì mọ̀ ọ́n.

Kò tíì wá.